Nọ́ńbà Kan Kọ́ Ni Ìfúnpá Yín

Ní kílíníìkì láàárọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọn ìfúnpá (bíípíì) màmá mi kọ 158/96. Nígbà tí màmá mi délé tó sì sinmi díẹ̀, ẹ̀rọ tiẹ̀ kọ 134/82. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di 141/87. Ó pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀: “Dókítà ní kí n padà wá ká lè fi kún oògùn mi. Ẹ̀rọ tí o rà fún mi ní nǹkan kan ò ṣe mí. Èwo ni kí n tẹ̀ lé báyìí?”

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti màmá mi nìkan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti bi ara rẹ̀ rí. Àwọn kan á gba nọ́ńbà tó tù wọ́n nínú gbọ́, wọ́n á sì pa oògùn tì. Àwọn mìíràn á di èyí tó ń dẹ́rù bà wọ́n mú, oorun ò sì ní kun ojú wọn. Àṣìṣe kan náà ló wà nídìí méjèèjì: wọ́n rò pé nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ lẹ́ẹ̀kan ni ìfúnpá àwọn. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Ṣé àìsàn ni ìfúnpá?

Rárá. A máa ń sọ pé “lágbájá ní bíípíì”, bí ẹni pé orúkọ àrùn ni. Gbogbo ẹni tó ń mí ló ní bíípíì. Ìfúnpá ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri òpójẹ̀ bó ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wo rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà. Bí omi inú rẹ̀ kò bá lágbára, kò ní dé ibi tí ẹ ń fẹ́ kó dé. Bí agbára rẹ̀ bá sì pọ̀ jù, rọ́bà náà á le gbandi, bó pẹ́ bó yá, ibi tó bá ti gbó á sán. Ẹ̀jẹ̀ náà nílò agbára tirẹ̀ kó tó lè gòkè dé ọpọlọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni orúkọ àìsàn. Òun ni kí agbára yẹn ga ju bó ṣe yẹ lọ, kó sì dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ “dúró síbẹ̀” yẹn ni kí ẹ mú dání. Bí ènìyàn bá sáré gun àtẹ̀gùn, ìfúnpá rẹ̀ á lọ sókè, á sì padà wálẹ̀. Kò sí ewu níbẹ̀ fún ẹni tára rẹ̀ dá. Ohun tó ń ba ọkàn, kíndìnrín, ojú àti ọpọlọ jẹ́ ni gíga tí kì í sọ̀ mọ́, lọ́jọ́ dé ọjọ́, lọ́dún dé ọdún, tí kò sì sábà dunni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, nǹkan bí bílíọ̀nù 1.3 ènìyàn tó wà láàárín ọdún 30 sí 79 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ìdí nìyẹn tí wíwọ̀n fi ṣe pàtàkì: ara kì í sábà sọ fúnni.

Kí ni nọ́ńbà òkè, kí sì ni ti ìsàlẹ̀?

Nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, agbára inú òpójẹ̀ á dé òkè téńté. Nọ́ńbà òkè nìyẹn. Nígbà tí ọkàn bá tú ara sílẹ̀ kó tó tún lù, agbára náà á sọ̀kalẹ̀, àmọ́ kò ní tán. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, 120/80 túmọ̀ sí pé agbára náà dé 120 bí ọkàn ṣe lù, ó sì rọlẹ̀ sí 80 bó ṣe sinmi.

Mìlímítà mẹ́kúrì (irin olómi kan) ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà wọ̀nyí. Ní ọdún 1896, dókítà ará Ítálì kan, Scipione Riva-Rocci, ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń we rọ́bà rẹ̀ mọ́ apá, tí wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè kọjá mọ́, tí wọ́n á sì máa wo ibi tí mẹ́kúrì gòkè dé nínú ọ̀pá dígí. Nọ́ńbà òkè nìkan ló lè fi mọ̀. Ọdún 1905 ni dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Nikolai Korotkoff, ṣàlàyé pé bí a bá gbé ohun èlò ìgbọ́ ọkàn sí apá, tí a ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a óò gbọ́ ìró nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ já gbà kọjá, ìró náà á sì dákẹ́ nígbà tí nǹkan kan kò bá dí i lọ́nà mọ́. Ibi tí ìró ti bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ńbà òkè, ibi tó ti dákẹ́ ni ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ oníbátìrì tó wà nílé kì í gbọ́ ìró. Ìmìtìtì tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣe sára afẹ́fẹ́ inú aṣọ ẹ̀rọ, ìyẹn èyí tí a ń we mọ́ apá, ló ń kà, tó sì fi ń ṣírò.

Iye wo ló ti ń di ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí pé òṣùwọ̀n náà ju ẹyọ kan lọ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní kílíníìkì lọ́jọ́ tó ju ọ̀kan lọ, tí nọ́ńbà òkè tó 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 2017, àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà ti mú un wálẹ̀ sí 130/80. Ẹni kan náà lè jẹ́ aláìsàn ní orílẹ̀-èdè kan, kó sì jẹ́ ẹni tí wọ́n kàn ń ṣọ́ ní òmíràn. Ara rẹ̀ kò yí padà, ibi tí wọ́n fa ìlà sí ló yàtọ̀.

Ìlà ti ilé náà yàtọ̀ sí ti kílíníìkì. Bí ẹ bá ń wọn ara yín nílé, 135/85 ló bá 140/90 ti kílíníìkì mu, nítorí pé ara máa ń balẹ̀ nílé. Ẹni tó bá ń fi ìlà kílíníìkì wo nọ́ńbà ilé rẹ̀ lè máa yọ̀ pé 138 kò tíì tó 140, nígbà tó jẹ́ pé ó ti kọjá ìlà.

Kí ló dé tí kì í dúró sójú kan?

Ní ọdún 1733, àlùfáà kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephen Hales, tẹ ìwé kan jáde níbi tó ti ròyìn bó ṣe ki ọ̀pá tín-ín-rín bọ inú òpójẹ̀ ẹṣin kan, tó sì so ọ̀pá dígí gígùn mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ náà gun ọ̀pá lọ sókè ju mítà méjì lọ. Kò sì dúró síbì kan: ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, bí ọkàn ẹṣin náà ṣe ń lù. Bó ṣe rí lára tiwa náà nìyẹn. Ìfúnpá yàtọ̀ láti ìlù ọkàn kan sí èkejì. Ó máa ń wálẹ̀ bí a bá sùn, á sì gòkè bí a bá jí. Ọ̀rọ̀ sísọ, ìtọ̀ tó ń gbọ̀n wá, ìrora, òtútù, ìbínú, àìsùn, gbogbo wọn ló ń tì í sókè.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà aládùúgbò rẹ̀ kì í fi ìjà ọjọ́ kan pinnu. Ó ní láti bá a gbé, kó rí i nígbà tó ń rẹ́rìn-ín, kó rí i nígbà tó ń kanra. Bí a ṣe ń mọ ìfúnpá náà nìyẹn.

Dókítà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń tì í sókè. Ní ọdún 1983, àwọn olùwádìí ní Ítálì tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti ń ka ìfúnpá àwọn aláìsàn láìdáwọ́ dúró láti inú òpójẹ̀ wọn gan-an. Bí dókítà bá ti wọlé wá wọ̀n wọ́n, nọ́ńbà òkè á fò sókè ní nǹkan bí 27, ti ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí 15, ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́. Àwọn tí ìfúnpá wọn ń ga ní kílíníìkì nìkan, tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n nílé, ni wọ́n ń sọ pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru aṣọ funfun, nítorí ẹ̀wù tí dókítà ń wọ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù, àwọn ènìyàn kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó: ẹ̀jẹ̀ ríru tó fara pamọ́. Ní kílíníìkì, nọ́ńbà dára. Nílé tàbí níbi iṣẹ́, ó ga. Dókítà á kí onítọ̀hún kú iṣẹ́, á ní kó máa lọ, nígbà tí òpójẹ̀ rẹ̀ ń jìyà lójoojúmọ́. Àyàfi kí wọ́n wọ̀n ọ́n níbi tó ń gbé ayé rẹ̀ gan-an ni àṣírí tó lè tú.

Bí ẹ ṣe jókòó lè fi kún un

Mo lọ jókòó ti màmá mi, mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn ń wò ó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ìta. Ó gbé àpò sílẹ̀, ó we aṣọ ẹ̀rọ mọ́ apá lórí súwẹ́tà tó wọ̀. Etí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, ẹ̀yìn rẹ̀ kò fara ti nǹkan kan, ẹsẹ̀ kan gun èkejì, apá rẹ̀ wà lórí itan. Bí ẹ̀rọ ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ó ń bi mí pé àwọn ọmọ ńkọ́. Ẹ̀rọ kọ 149/91.

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.” Ó bọ́ súwẹ́tà, ó lọ tọ̀. Ó wá jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀, apá rẹ̀ wà lórí tábìlì, tí aṣọ ẹ̀rọ fi wà ní ọ̀gangan àyà. A dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rọ̀ ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, mo rí i, àmọ́ ó mú un mọ́ra. Ẹ̀rọ kọ 136/84.

Oògùn kankan kò wọ̀ ọ́ lára láàárín ìgbà méjèèjì. Ìsinmi àti ìjókòó ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2024 fi hàn pé bí apá bá wà lórí itan, nọ́ńbà méjèèjì máa ń fi nǹkan bí 4 ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí apá bá sì kàn rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ti òkè á fi nǹkan bí 6 tàbí 7 ga jù. Ìyẹn tó láti sọ ẹni tí ara rẹ̀ ń gba oògùn di ẹni tí wọ́n ń fi oògùn kún fún.

Aṣọ ẹ̀rọ náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Bó bá kéré jù fún apá, nọ́ńbà á ga ju òótọ́ lọ. Bó bá tóbi jù, á wálẹ̀ ju òótọ́ lọ. Nínú ìwádìí Amẹ́ríkà mìíràn, ti ọdún 2023, wọ́n fi aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n sábà ń lò wọn àwọn tí apá wọn nílò èyí tó tóbi jù lọ, nọ́ńbà òkè wọn sì fi nǹkan bí 20 ga ju bó ṣe yẹ. Ogún! Ẹ fi téèpù wọn yíká apá yín láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ wo iye tí wọ́n kọ sára aṣọ ẹ̀rọ náà bóyá ó gba apá yín. Bí ẹ bá wà ní kílíníìkì, tí ẹ rí i pé ó ń fún yín jù, ẹ sọ ọ́. Kì í ṣe ìwà àrífín.

Ohun kékeré tó kù: ẹ má mu kọfí, ẹ má mu sìgá, ẹ má sì ṣe eré ìdárayá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Nígbà àkọ́kọ́, kí wọ́n wọn apá méjèèjì. Èyí tó bá ga jù ni kí wọ́n máa lò láti ìgbà náà lọ.

Báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n nílé kó tó wúlò?

Ìlànà tí àwọn oníṣègùn ń tẹ̀ lé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yé èmi jù lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lálẹ́. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀méjì, kí ẹ fi ó kéré tán ìṣẹ́jú kan sáàárín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méje, tàbí ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán. Ẹ pa ti ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí pé ara kò tíì mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ ro gbogbo èyí tó kù pọ̀, kí ẹ pín in ní iye ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n. Ìpíndọ́gba tó jáde yẹn ni ìfúnpá yín. Èyí tó ga jù nínú wọn kì í ṣe òun, èyí tó dára jù kì í sì í ṣe òun.

Ohun tí ẹ̀rọ bá kọ gan-an ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ 137 di 135, wọ́n á sọ 142 di 140, nítorí pé ó rọrùn láti rántí. Àwọn mìíràn kì í kọ èyí tó bà wọ́n nínú jẹ́ rárá, wọ́n á tún un wọ̀n títí yóò fi wálẹ̀. Dókítà yóò wá máa tọ́jú ẹni tí kò sí nínú yàrá.

Màmá mi ṣe é fún ọjọ́ méje. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 137/84. Nígbà tó gbé ìwé náà lọ, dókítà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá fi ìka sí àmì kékeré tí màmá ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ méjì kan. Ó bi í kí ni ìyẹn. Màmá ní ọjọ́ tí òun kò lo oògùn ni, nítorí pé nọ́ńbà àárọ̀ dára. Dókítà kò bínú. Ó ní oògùn ló jẹ́ kí nọ́ńbà náà dára. Kò fi oògùn kún un. Ó ní kó máa lo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kó padà wá lẹ́yìn oṣù kan.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2018 tọ́pa àwọn aláìsàn tó ju 1,100 lọ fún ọdún kan. Ìfúnpá àwọn tí dókítà fi nọ́ńbà ilé wọn ṣètò oògùn fún sọ̀kalẹ̀ ju ti àwọn tí wọ́n lo nọ́ńbà kílíníìkì nìkan fún.

Ẹ̀rọ wo ló dára?

Èyí tí wọ́n ń we mọ́ apá lókè ìgbọ̀nwọ́, tó sì wà lára àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò lọ́nà ìmọ̀ ìṣègùn. Ti ọrùn ọwọ́ máa ń tètè ṣì wọ̀n bí ọwọ́ kò bá sí ní ọ̀gangan àyà. Aago ọwọ́ àti fóònù tó ní àwọn lè wọ̀n ọ́n láìsí aṣọ ẹ̀rọ kò tíì di ohun tí a lè fi ṣètò oògùn. Bí ìlù ọkàn yín kò bá bára mu, ẹ̀rọ aládàáṣe lè ṣìṣe, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà fi etí gbọ́ ọ.

Ẹ̀ẹ̀mélòó ló yẹ ká máa lọ rí dókítà?

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2021 ni pé kí ẹ máa lọ lóṣooṣù títí ìfúnpá yóò fi dé ibi tí wọ́n ń fẹ́. Oṣù kan yẹn ní ìdí: púpọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí agbára wọn tó hàn tán. Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta dá oògùn lẹ́jọ́ kò tíì fún un láyè. Bí nǹkan bá ti balẹ̀, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà tó.

Ó lè dà bíi pé lílọ lemọ́lemọ́ ló dára jù. Àwọn olùwádìí ní Kánádà dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2004. Wọ́n pín àwọn aláìsàn 609 sí méjì: àwọn kan ń rí dókítà ìdílé wọn lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn kan lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, fún ọdún mẹ́ta. Ìfúnpá àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ohun tó ń mì fúnra rẹ̀, bí a bá ń wọ̀n ọ́n ṣáá, a óò máa rí àyípadà tí kò ṣẹlẹ̀, a óò sì máa yí oògùn padà nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé. Ẹni tó ń wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́ kò mọ̀ ju ẹni tó wọ̀n ọ́n dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àníyàn ló fi kún ti tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá lọ, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan ló yẹ kí wọ́n wò. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ àti fún pọtásíọ̀mù, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé àwọn oògùn kan máa ń yí i padà. Kí wọ́n wo ìtọ̀ bóyá púrótéènì ń jò sínú rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ àgbàlagbà, tàbí òòyì ń kọ́ yín bí ẹ bá dìde, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n yín lórí ìdúró pẹ̀lú. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ dìde, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, ẹ lè ṣubú, ó sì lè gba pé kí wọ́n tún oògùn náà yẹ̀ wò.

Ìgbà wo ló di ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀?

Bí ẹ̀rọ bá kọ 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lókè, tàbí 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ jókòó, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí ara yín dá ṣáṣá, ẹ pe dókítà yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì ṣe fúnra yín lo oògùn ìlọ́po méjì, nítorí pé kó já wálẹ̀ lójijì léwu fún ọpọlọ.

Bí àyà bá ń dùn yín, tí ẹ kò lè mí dáadáa, tí ojú yín ṣókùnkùn lójijì, tí orí bá ń fọ́ yín lọ́nà tí kò ṣe rí, tí ẹnu bá wọ́, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kú tipiri, ẹ má tún ẹ̀rọ wọ̀n mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù lọ lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kí nọ́ńbà náà jẹ́.